Ọkọ̀ Tí Zephrin Tẹ̀ Rì

Ọjọ́ kìíní oṣù Júùnù, tí àsìkò ìjì òkun ń bẹ̀rẹ̀, ni Zephrin McLaren máa ń wọ́ ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀ wọ inú igbó omi. Kì í ṣe ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń bá a du ibi tó jìn jù, níbi tí gbòǹgbò igi ti dì mọ́ra bí ẹsẹ̀ akàn, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni yóò jáde kẹ́yìn. Àwa yòókù máa ń dúró títí rédíò yóò fi pariwo. Bí ìjì bá yà sọ́nà mìíràn, a ó tú okùn wa, a ó padà sídìí ẹja. Ọkọ̀ Zephrin kì í kúrò níbẹ̀ títí di Dìsẹ́ńbà. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ó máa ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà òtílí, ó máa ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì máa ń wo ìlà oòrùn.

"Bàbá ti lọ bá akàn sùn," ni Gifton máa ń wí. Ilé Gifton kọjú sí ti Zephrin, ẹ́ńjìnnì méjì ló sì wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀. "Òkun ò tíì jí, ẹ ti ń sá fún un."

"Ìwọ ṣáà máa jí i," ni Zephrin máa ń dá a lóhùn.

Ní Carriacou, erékùsù wa, ọmọdé pàápàá mọ bí oṣù ṣe ń rìn. Ìjì tó bá dìde ní Júùnù, apá ìwọ̀ oòrùn ló ń gbà lọ, kì í kàn wá. Tiwa di Ọ́gọ́ọ̀sì. Bí Ọkítóbà bá ti parí, a ti bọ́.

Zephrin náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Hallam ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọkọ̀ ìyá wọn jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù Nòfẹ́ńbà, torí pé Ọkítóbà ti parí. Nígbà tí ìjì lọ, wọ́n rí ọkọ̀ náà. Wọn ò rí Hallam. Ọkọ̀ yẹn náà ni Zephrin ṣì ń lò; Ada Grace ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ gbogbo pákó rẹ̀, ó ku igi ìdí nìkan.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, pákó kan jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Zephrin yọ ọ́ ní ìparí oṣù Méè, ṣùgbọ́n tútù ni pákó tuntun tí wọ́n gbé wá láti orí òkè. Ó gbé e sábẹ́ ibùsùn kí ó gbẹ. Ọjọ́ kìíní Júùnù kọjá lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè jókòó mọ́. Á lọ sí etíkun, á fọwọ́ kan ọkọ̀, á padà wá tẹ pákó wò, á tún lọ.

"Ẹ jókòó, Bàbá Merle," ni Urselin ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ mu tíì kòkó yín."

"Mo ti mu ún."

"Ó ṣì wà nínú ife. Pákó kì í sì í gbẹ torí pé èèyàn ń wò ó."

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, rédíò ní nǹkan kan ti dìde láàárín òkun, lápá ìlà oòrùn. Omi ti gbóná ṣáájú àkókò, ohun náà sì ń sanra bó ṣe ń bọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Ní Júùnù?" Gifton rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti ṣi ìwé kà."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, òun gan-an ló ṣíwájú wọ igbó omi. Ada Grace nìkan ló kù létíkun, pẹ̀lú ihò tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá. Zephrin yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó ní kí a máa ru òkúta wá.

"Òkúta kí ni?" Gifton bi í.

"Èyí tó wúwo. A ó tẹ̀ ẹ́ rì."

"Bàbá. Ọkọ̀ ìyá yín?"

"Afẹ́fẹ́ ò lè gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ omi."

"Tó bá wá fọ́ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Á fọ́ síbi tí mo mọ̀."

A fi igi róbótó yí i dé ẹnu igbó omi, níbi tí omi ti kan àyà. A yọ òpó ìgbòkun rẹ̀. Omi gba inú ihò náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. A to òkúta sí i títí ó fi jókòó sílẹ̀. Zephrin dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀ títí Urselin fi wá pè é.

Ìjì náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní Júláì. Nígbà tó lọ, kò sí ewé kan lórí òkè. Òrùlé Zephrin lọ, tèmi lọ, ti Gifton lọ. Nínú igbó omi, àwọn ọkọ̀ gun ara wọn, ti Gifton sì dorí kodò lórí igi. Gifton jókòó lórí gbòǹgbò, ó ń wò ó.

"Ọkọ̀ tèmi ṣáà ò bá akàn sùn," ló wí. Urselin nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ada Grace wà níbi tí a fi í sí. Ọjọ́ méjì la fi kó òkúta kúrò nínú rẹ̀. Zephrin kan pákó náà mọ́ ọn bó ṣe wà, ní tútù, ó fi òwú àti ọ̀dà dí etí rẹ̀.

Ó yẹ kí ó kàn wọ́ ọ wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti wọ inú gbogbo kànga wa, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn lápá tiwa tó lè dé Grenada, erékùsù ńlá tó wà nítòsí, lọ gbé omi wá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ Zephrin pé kí ó lọ. Kálukú ń wo ibòmíràn.

"Júláì la wà," ni Zephrin wí.

"Mo mọ̀," ni Urselin wí.

"Ó ku oṣù márùn-ún."

"Ọmọ Gifton ò tíì mu omi láti àná."

Zephrin lọ dúró lórí òkè, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó bi Gifton bóyá ó mọ omi gbọ́n.

"Ẹ̀rọ ló ń fa omi nínú ọkọ̀ tèmi, Bàbá."

"Orí igi ni ọkọ̀ tìrẹ wà. Mú garawa."

Láti ọdún méjìlélógójì, Ada Grace kò ta ìgbòkun ní Júláì rí. Èmi ni mo di okùn mú. Pákó tútù náà ń jò, Gifton ń gbọ́n ọn. Zephrin di ìtọ́kọ̀ mú, Grenada wà níwájú, kò wò ó; ìlà oòrùn ló kọjú sí.

"Kí lo rí lọ́hùn-ún?" ó bi Gifton.

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá."

Zephrin tún ìtọ́kọ̀ dì mú.

"Tún wò."