Ìyá Mẹ́ta Nínú Ilé Kan

Ogun Bìáfírà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo lọ mú ìyá mi láti Iléṣà wá sọ́dọ̀ wa l'Óṣogbo. Aṣọ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà. Tí wọ́n bá dijú, tí wọ́n fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n á sọ bóyá omi ti kàn án rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí iná fi jó dé àjà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Iléṣà níbẹ̀ ní ọmọ obìnrin ló mọ ìtọ́jú ìyá. Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà, àbúrò bàbá ọkọ mi, opó kan tí kò bímọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà nínú ọgbà ara wọn.

Ọkọ mi ní, "Ṣebí o ti ń tọ́jú ẹnì kan. Kí ni ẹnì kejì máa fi kún un?"

Mo wo ojú wọn títí. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n o.

Nígbà tí ìròyìn dé Ìbòkun pé mo mọ ọwọ́ àwọn àgbà tó ń gbàgbé, obìnrin kan gbé ìyá tirẹ̀ wá, ó sì ń fi iṣu àti epo ránṣẹ́ lóṣooṣù. Àwọn ará àdúgbò wá sọ ilé wa di Ilé Àwọn Ìyá.

Ìyá Ìbòkun kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí àlejò bá ti wọlé báyìí, wọ́n á bọ́ra sílẹ̀. Ìyá Òṣogbo, ìyẹn àbúrò bàbá ọkọ mi, máa ń kírun Aláásárì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, torí wọn ò rántí pé àwọn ti kí i, èmi ni màá sì bomi sí kẹ́tùrù àlùwàlá ní gbogbo ìgbà. Ìyá tèmi ní tiwọn, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, wọ́n á di ẹrù.

"Ulé mi ni mò ń lọ."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ibí náà."

"Ta ni ìwọ?"

Mo máa ń tú ẹrù náà, mo máa ń to aṣọ padà. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn èèyàn á ní Ọlọ́run á san án fún mi. Ẹ̀san kọ́ ni mo ń wá nígbà yẹn, kí ẹnì kan kàn bá mi jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ gbé aṣọ ọkọ mi wá. Ìyá Ìbòkun bọ́ra. Kí n tó ró ìró mọ́ wọn nídìí tán, tí mo fi bẹ télọ̀ pé kó má bínú, àwọn ìyá méjì yòókù ti jáde. A wá wọn dé mọ́ṣáláṣí, a wá wọn dé ojú ọ̀nà odò Ọ̀ṣun. Ní gárèèjì ni wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn ìyá àgbà méjì tó múra dáadáa ti wọ mọ́tò Iléṣà. Awakọ̀ ò fura sí nǹkan kan, torí ìyá mi ná owó mọ́tò títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ìyá jókòó, wọ́n ń mu ẹ̀kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ìwọ ò lè ṣọ́ àgbàlagbà méjì? Kí lò ń ṣe nílé gan-an?"

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ wọn dọ̀túnla. Ẹnì kan ṣì wà nílé." Bí mo ṣe dìde nìyẹn, mo wọ mọ́tò padà.

Ilẹ̀ ọ̀túnla kò tíì mọ́ dáadáa tí ẹ̀gbọ́n mi fi kó wọn dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣi bọ́tìnnì ẹ̀wù ara wọn dè. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi kọ́ọ̀pù méjì.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí?"

"Rárá o," ni mo wí. "Ó máa ń le ju báyìí lọ."

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ní Sátidé kan sí méjì lóṣooṣù láti bá mi jókòó ti àwọn ìyá. Sátidé àkọ́kọ́, ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo lọ. Mo sùn sórí àga rẹ̀ kó tó bu omi wá fún mi.

Ìyá Ìbòkun ló kọ́kọ́ dágbére fáyé, Ìyá Òṣogbo tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi tún lo ọdún mẹ́ta sí i, wọn ò sì pe orúkọ mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan pé, "Obìnrin ilé yìí máa ń bínú púpọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ tó bá ń wẹ̀ mí." Mo wà nídìí ààrò. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n jágbe.