Ohùn Tí Ẹ̀rọ Kò Kà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ohùn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló wà nínú ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Owó tó kù lè pa ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mọ́.

Obìnrin tó gba ẹgbẹ̀ta nínú ohùn wọ̀nyẹn sílẹ̀ ló ń jókòó sídìí tábìlì kẹta nínú yàrá ìgbóhùn, nísàlẹ̀ ilé alájà méjì tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ìyá Ohùn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, láti orí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì títí dé orí ọ̀gá àgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ohun tó sọ, kó sì fi ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ tí ilé ìkàwé háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àjọ olùrànlọ́wọ́ kan ra ẹ̀rọ, wọ́n kun yàrá náà, wọ́n sì san owó háyà ọdún márùn-ún. Wọ́n gé ríbọ́nù. Wọ́n ya fọ́tò. Ogójì ojú ewé ni ìwé àdéhùn wọn, kò sì sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó sọ ẹni tí yóò san ti ọdún kẹfà. Ènìyàn mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ló mọ̀wé.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ojúlé dé ojúlé ni Ìyá Ohùn ń rìn. Àwọn ìyá arúgbó ló ń wá kiri: agbẹ̀bí, amọ̀kòkò, aláró, àwọn tó mọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Yóò ka ìwé àṣẹ sí wọn létí pé ohùn wọn kò ní jáde kúrò lọ́wọ́ ilé ìkàwé, wọn yóò sì tẹ̀ka sí i. Ìyá amọ̀kòkò kan wò ó lójú kó tó tẹ ìka tirẹ̀.

“Ọmọ mi, níbo lo ń gbé ohùn mi lọ?”

“Ibi tí kò ti ní sọnù ni, Màmá.”

“O búra?”

“Mo búra.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọwọ́ rẹ ló wà báyìí, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́.”

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta tí mo wí yìí, ọ̀gá àgbà pe ìpàdé. Ó ní ohùn tí àwọn ènìyàn ń ṣí ni wọn yóò mú, èyí tí wọn kì í ṣí ni wọn yóò pa rẹ́. Ẹ̀rọ mọ iye ìgbà tí wọ́n ti ṣí ohùn kọ̀ọ̀kan. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn. Àwọn ohùn eré bọ́ọ̀lù àtijọ́ ni wọ́n ti ṣí nígbà ọ̀kẹ́ méjì. Nígbà tó dé ibi ẹgbẹ̀ta ti Ìyá Ohùn, òdo ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀,” ni Ìyá Ohùn wí. “Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá gbọ́ ọ.”

“Níbo?”

“Lọ́dọ̀ mi.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Ìyá Ohùn fúnra rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì yàrá ìgbóhùn kò yá. Àgbàlagbà a fi íápíìsì sétí, a máa wo òbíríkítí kékeré tó ń yí lójú ẹ̀rọ títí oorun yóò fi gbé e lọ kí ohùn tó ṣí. Nítorí èyí, ní ọdún kejì, Ìyá Ohùn da gbogbo ẹgbẹ̀ta náà kọ sórí kọ̀ǹpútà tábìlì rẹ̀ kí àwọn arúgbó má baà dúró. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tó ń kà kò rí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Oore tó ṣe wọ́n ló ń jẹ́rìí takò wọ́n báyìí.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà wà lára wọn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé. Agbẹ̀bí ni ìyàwó náà. Nínú ohùn yẹn, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ yí ọmọ tó dábùú padà nínú ikùn, àfi bó ṣe dédé pariwo láàárín ọ̀rọ̀: “Ìwọ bàbá yìí! Gbé òòlù yẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ń gba ohùn mi!” Ibẹ̀ ni bàbá náà ń tìtorí rẹ̀ wá.

“Ìyá Ohùn, ṣé ìyàwó mi wà nílé?”

“Ó wà ńlé, Bàbá. Ó ti ń retí yín.”

“Ṣé kò bínú?”

“Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n.”

Yóò gbọ́ ọ tán, yóò yọ íápíìsì létí, yóò sì wí pé, “Ó ti bá mi wí tán fún ọ̀sẹ̀ yìí.” Lẹ́yìn náà ni yóò dìde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé, àbúrò Ìyá Ohùn bá a nínú ilé ìdáná níbi tó dúró sí tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyá Ohùn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wàhálà wo ló wà níbẹ̀? Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa ṣí i fúnra yín. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ ò kúkú mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan ni.”

“Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan sí i, ta ni yóò gba ìyókù gbọ́?”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí òótọ́ bá yín sanwó háyà.”

Kò purọ́. Àwọn tó ń wá gbọ́ ohùn ló lọ pè. Lọ́jọ́ Ajé, ènìyàn mẹ́tàdínlógún wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, àwọn méjì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Nítorí pé àga tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ìyókù fara ti ògiri. Ọ̀gá náà kì í ṣe ìkà. Ìyẹn kò dín ẹ̀bi rẹ̀ kù. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kà wọ́n, ó sì kọ iye wọn sórí pépà.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ló béèrè. “Ọmọ mi, ṣé ènìyàn mẹ́tàdínlógún ò tó ènìyàn ni?”

“Ẹ tó, Bàbá. Ẹ ò kàn tó owó ni.”

Ìyá Ohùn ní bí ilé ìkàwé kò bá lè pa ohùn wọn mọ́, kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ọ̀gá fa ìwé àṣẹ yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ó ní ohùn kò gbọdọ̀ jáde kúrò lọ́wọ́ ilé ìkàwé, àtẹ̀ka àwọn ìyá náà nìyí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá rí nìyẹn: ilé ìkàwé kò lè pa á mọ́, ìwé kò sì gbà kí ẹlòmíràn pa á mọ́. Ó fún Ìyá Ohùn ní ọjọ́ mẹ́wàá kó fi palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ wọn yóò pa ohùn rẹ́, wọn yóò sì ta kọ̀ǹpútà tábìlì rẹ̀ ní gbàǹjo.

Ìyá Ohùn ra mẹ́mọ́rì fóònù, ó ń da ohùn kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ojúlé dé ojúlé. Ọ̀dọ̀ Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ dé. Bàbá ki mẹ́mọ́rì bọ fóònù rẹ̀, ó gbọ́ ọ dé ibi òòlù, ó sì bú sẹ́kún. Kò sọ ohunkóhun nípa ìbáwí lọ́jọ́ yẹn.

Ìyókù kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti ta ilé. Àwọn kan ti kó lọ, aládùúgbò kò mọ ibi tí wọ́n lọ. Ọmọkùnrin kan gba ohùn ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó ní, “Kí la fẹ́ fi èyí ṣe?” Ó gbà á ṣá. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, ogóje ilé ló ti rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá, ó da ọ̀tàlénírinwó tó kù sórí ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré kan, ó fi í sí báàgì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹni tó ń kí i láràárọ̀ láti ọdún méjìlá, ní kó ṣí báàgì náà.

“Ẹ má bínú, Ìyá Ohùn. Àṣẹ ni.”

“Ta ló pa á?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mà.”

Wọ́n gbà á. Wọ́n pa á rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn pẹ̀lú èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà. Ohùn ìyá amọ̀kòkò wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún Ìyá Ohùn ní ìwé ẹ̀sùn pé ó kó ohùn jáde láìgbàṣẹ. Ó kù oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì. Ó kọ èsì sí i lábẹ́ pé, “Mo ṣe é. Èyí tí mi ò rí ṣe tán ló dùn mí.” Wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn mọ́kànlá tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà.

Ìwọ tó ń kà á, irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ wà nítòsí rẹ. Lọ síbẹ̀ lọ́la. Má béèrè iye ohùn tó wà níbẹ̀. Béèrè ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n fi orúkọ onítọ̀hún hàn ọ́ lórí ìwé. Bí wọn kò bá rí i fi hàn, má kúrò níbẹ̀.