Ọjọ́ Tí Afẹ́fẹ́ Olówógbowó Di Májèlé

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí ariwo tó dé. Ó dà bí ìtọ̀ tó ti ṣá sínú póò fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ó mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ta ni nímú bí ata tó bọ́ sínú iná. Mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà ní ọsibítù kan ní Erékùṣù Èkó, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa. Mo máa ń fi sítáàṣì sí fìlà funfun mi títí á fi gan bíi páálí, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tó lè ṣe ọmọ ènìyàn tí kò sí nínú ìwé tí mò ń kà. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ilé iṣẹ́ kan wà létí ọ̀sà ní Olówógbowó tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín. Láràárọ̀ ni àwọn tó ń ta ẹja tútù àti àwọn tó ń ta ohun mímu máa ń tò síwájú rẹ̀ láti rà. Gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ni ẹ̀rọ wọn fi ń mú omi dì. Inú páìpù ló ń gbé, kò sì gbọdọ̀ jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà páìpù kan bẹ́. Èéfín funfun tú jáde, ó rọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rìn nílẹ̀ bí ìkùukùu ọyẹ́, ó sì bo gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá pè wá, Sista tó ń kọ́ wa níṣẹ́ kó àwa díẹ̀ àti dókítà kan sínú áńbúláǹsì kan ṣoṣo tí ọsibítù ní. Obìnrin Ẹ̀gbá ni Sista yìí, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nílùú òyìnbó, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí a tó dé ibẹ̀ ló ní kí dírẹ́bà dúró. Ó wo èéfín iná ìdáná tó ń jáde láti agboolé kan, kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

"Ẹni tó bá sáré wọ ibẹ̀ yóò di ẹni tí à ń gbé," ló sọ. "Ẹ̀yìn atẹ́gùn la máa gbà."

Bí a ṣe yà sí iwájú mọ́sálásí kan nìyẹn. Àwọn panápaná àti àwọn apẹja tó fi aṣọ tútù bo imú ń gbé àwọn ènìyàn wá bá wa níbẹ̀. Omi nìkan ló lè fọ gáàsì náà kúrò lójú àti lára, omi púpọ̀, láìdáwọ́ dúró. Lèmọ́mù, arúgbó kan tó ti wọ́ ẹsẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà, bi Sista pé kí la fẹ́.

"Omi ni, Bàbá. Gbogbo omi tí ẹ bá ní."

Bàbá yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó gbogbo bùtà jáde, àwọn bùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Kò tíì sí irinṣẹ́ ọsibítù kan tí mo rí tó bá iṣẹ́ yẹn mu tó bẹ́ẹ̀: ẹnu bùtà tín-ín-rín, omi rẹ̀ sì ń rọra ṣàn sínú ojú láìta á. Àwọn obìnrin ń fa omi kànga nínú agboolé wọn, wọ́n ń gbé e wá ní ìkòkò àti garawa, Ìmàle àti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n tò láti ẹnu kànga dé ọ̀dọ̀ wa. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn ènìyàn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, lórí orí olúkúlùkù sì ni ẹnìkan wà tó ń da omi. Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, àfi bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.

Sista ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí òmíràn. Kò bi wọ́n níbi tó ń dùn wọ́n. Orúkọ wọn ló ń bi wọ́n, tí wọ́n bá ti dáhùn, á kọjá.

Mo gbọ́ igbe kan tí mo mọ̀. Àbúrò ìyá mi ni, tó ń ta ẹja tútù, ojú rẹ̀ ti wú, kò lè là á. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, má fi mí sílẹ̀. Ojú mi ti fọ́."

Sista dúró lẹ́yìn mi. "Ta nìyẹn sí ọ?"

"Àbúrò ìyá mi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí áńbúláǹsì kọ́kọ́ gbé wọn."

"Ẹni tó lè pariwo tó báyìí ń mí. Fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn olómi. Tẹ̀ lé mi."

Mo tẹ̀ lé e, omijé ń dà lójú mi, kì í sì í ṣe gáàsì nìkan ló fà á. Ọkùnrin kan jókòó ti ògiri, ará Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé yìnyín. Wọ́n ní òun ló pa dà wọlé lọ ti páìpù náà. Kò ké, kò mira, ńṣe ló na ọrùn sókè. Sista bi í lórúkọ. Ẹnu rẹ̀ mì, ohùn kankan kò jáde.

"Dókítà, ẹni yìí ló kàn."

Ọ̀fun rẹ̀ ti wú dí láti inú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní mọ́sálásí, mo di orí rẹ̀ mú. Dókítà fọwọ́ wá ibi kan ní iwájú ọrùn rẹ̀, ó fi abẹ là á, ó ti ọ̀pá fàdákà kékeré kan tó ní ihò nínú bọ ibẹ̀ kó lè máa gba ibẹ̀ mí. Ìró kan jáde bíi ti ẹni tó fẹ́ súfèé tí kò mọ̀ ọ́n sú. Èémí ni. Mo ń wo ètè rẹ̀ tó ti dúdú bí aró bó ṣe ń pa dà di ètè ènìyàn.

Àwọn kan kú lọ́jọ́ yẹn, àwọn mìíràn sì kú ní ọsibítù nígbà tí àyà wọn dí. Ojú àbúrò ìyá mi là. Ó bínú sí mi gan-an pé mo gbọ́ ohùn òun, mo sì dìde fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọsibítù kọjú sí ti àwọn ọkùnrin, ó sì ń gbọ́ bí èémí ṣe ń súfèé lọ́rùn ará Ìjẹ̀ṣà náà tọ̀sán tòru. Nígbà tó yá, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọkùnrin náà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin fún un. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì ti rí ikú àti ìwòsàn tó pọ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo sábà máa ń rántí ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ẹni ìkẹyìn lọ. Sista jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kan. Ìyá arúgbó kan gbé omi fún un, ṣùgbọ́n Sista kò lè di ife mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà sí i lára. Ìyá náà gba ife náà, ó fọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Láti àárọ̀ ni ọwọ́ Sista ti wà lára àwọn ènìyàn, kò gbọ̀n rárá. Èmi náà di Sista nígbà tó yá, mo sì kọ́ bí a ṣe ń sún ìbẹ̀rù síwájú títí iṣẹ́ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbẹ̀rù náà ń lọ dúró sí nínú ara ẹni, tó ń retí wa, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.