Aláǹtakùn Tó Gbé Orí Sókè

Theophilus ni télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òun ń rán aṣọ. Pákó ló pààlà láàárín wa. Ohun tí wọ́n bá sọ lọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń gbọ́, mo sì ń rí wọn láti inú àlàfo pákó.

Ó lọ sí ogun Bọ́mà. Kò yìnbọn púpọ̀ níbẹ̀. Aṣọ àwọn sọ́jà ló ń rán, ó ń rán aláǹtakùn, àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, mọ́ wọn lápá. Nítorí náà, nígbà tó dàgbà, àwọn èèyàn máa ń gbé fọ́tò bàbá wọn wá bá a, kó lè sọ irú sọ́jà tí bàbá wọn jẹ́ àti mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ ogun, tó gbà. Bó bá ṣe rí i ló ń sọ ọ́. Ìyáàfin Matilda, tó jẹ́ tíṣà, gbé ti bàbá rẹ̀ wá. Káákì ni bàbá náà wọ̀, ó dé akoto. Theophilus wo bọ́tìnnì rẹ̀ dáadáa.

"Wòlé-wòlé ni bàbá yín," ó ní. "Tanwíjí ló bá jà."

Ìyáàfin Matilda bínú lọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tí Theophilus kì í fi ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ Adélékè ni. Ìlú yìí ni àwọn méjèèjì ti jọ lọ, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì bá padà dé Èkó. Ibà dá Theophilus dúró sí ọsibítù. Adélékè kò lè dúró. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́nà Èjìnrìn, pẹ̀lú ẹ̀wù sọ́jà lọ́rùn. Kò délé.

Mọ́ṣádé, àbúrò Adélékè, ló ń ta gàrí ní òdìkejì ọ̀nà. Ìyá wọn retí títí tó fi kú. Mọ́ṣádé wá ń retí lọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá kú sí ọ̀nà jíjìn, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ la máa ń mú wálé sin. Ẹnikẹ́ni kò mú ohunkóhun wá. Nítorí náà Mọ́ṣádé kò ṣòkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣí yàrá rẹ̀. Àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí wọ́n fi nǹkan kan han òun, ì báà ṣe okùn bàtà rẹ̀, òun yóò sin ín.

Ní ọdún 1985, Harold, tó ní sọ́míìlì lọ́nà Ìjagun, gbé fọ́tò kan wá. Walter, bàbá rẹ̀, ni. Walter ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jọ́ọ̀sì dé ni, lẹ́yìn tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé ibẹ̀. Sájẹ̀ntì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìjọ wọn fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ. Harold ti bẹ ayàwòrán kan kó ya fọ́tò náà ní ńlá, pẹ̀lú àwọ̀. Fọ́tò dúdú òun funfun ni, ayàwòrán kò mọ àwọ̀ tí yóò kùn sí ríbọ́ọ̀nù mẹ́dà.

Theophilus gbé fọ́tò jáde síta, síbi tí oòrùn wà. Ó ní ti Bọ́mà nìyí: pupa ní àárín, búlúù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ayàwòrán fa ìlà aláwọ̀ ọsàn tín-ín-rín sáàárín búlúù náà. Lẹ́yìn náà ó gbé fọ́tò sún mọ́ ojú, ó wo apá àti àpò ẹ̀wù náà. Ó wá bi Harold ní iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe kó tó di sọ́jà.

Harold fi ìgbéraga sọ pé atukọ̀ ni, pé láyé ìgbà náà kò sẹ́ni tó mọ omi Èjìnrìn bíi tirẹ̀.

"Aláǹtakùn tó wà lápá rẹ̀ gbé orí sókè," Theophilus wí. "Àwa tí a lọ, ìsàlẹ̀ ni tiwa ń dojú kọ. Bí sọ́jà bá gbé apá láti yìnbọn, aláǹtakùn a máa rìn lọ bá ọ̀tá."

Harold ní télọ̀ Jọ́ọ̀sì ló ṣì í rán. Ó ní òun á sọ fún bàbá òun.

Nígbà tó lọ tán, Theophilus wá sọ́dọ̀ mi. Ó dúró, kò jókòó.

"Ìdérí àpò òsì ẹ̀wù yẹn dúdú ju ara ẹ̀wù lọ," ó ní. "Tapólì àgọ́ ni. Èmi ni mo gé e ní Íńdíà, lọ́nà Bọ́mà, nígbà tí ti Adélékè ya. Èmi náà ni mo rán aláǹtakùn yẹn, ní ìlọ́po méjì. Ohun tí mo bá rán ní ìlọ́po méjì kì í tú. Àfi kí wọ́n fà á já."

Mo bi í bóyá yóò sọ fún Mọ́ṣádé pé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lọ́rùn Sájẹ̀ntì. Ó ní àwọn ọmọ Mọ́ṣádé gbóná, wọn yóò sun ilé Sájẹ̀ntì, síbẹ̀ Mọ́ṣádé kò ní rí nǹkan kan sin. A kì í sin fọ́tò ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ tí Sájẹ̀ntì fúnra rẹ̀ fi dé, lọ́sàn-án gangan. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà télọ̀, ó jókòó, ó dí ìmọ́lẹ̀. Ó fa ẹ̀wù náà yọ nínú àpò.

"Ọ̀gá télọ̀, wọ́n ní ẹ sọ pé orí aláǹtakùn mi wà lódì."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bá mi yí i. Mo dúró."

Mo ń gbọ́ bí abẹ ṣe ń já òwú. Theophilus ní aṣọ tó wà lábẹ́ aláǹtakùn náà ti ya. Sájẹ̀ntì ní aṣọ a máa gbó.

"Aṣọ tó gbó kì í ya báyìí. Ṣé Èjìnrìn ni ẹ ti rí i?"

Sájẹ̀ntì kò bínú. Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ rọ̀ sí i.

"Omi Èjìnrìn jìn, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ọlọ́gbọ́n kì í wá a. Bísí ọmọ yín ńkọ́? Wọ́n ní ó ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lọ ra ẹja. Ẹ bá mi kí i."

Theophilus fi ọwọ́ pa ìdérí àpò òsì ẹ̀wù náà. Ó ní ó ti jẹrà, òun lè fi káákì tuntun pààrọ̀ rẹ̀, kó bá ẹ̀wù mu. Sájẹ̀ntì wò ó. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun rí, kó yọ ọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó wọ ẹ̀wù náà. Ó na apá sí Theophilus bí ẹni tó di ìbọn mú, ó wo èjìká ara rẹ̀.

"Ó ń rìn báyìí," ó ní. Ó sì lọ.

Theophilus ká ìdérí àpò náà sọ́wọ́, ó sọdá sọ́dọ̀ Mọ́ṣádé. Èmi náà tẹ̀ lé e. Ó sọ ohun tó jẹ́ fún un. Mọ́ṣádé fi ìka tẹ etí aṣọ náà yíká, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bùrọ̀dá Theo, ta ló mú un wá?"

"Má bi mí ní ìyẹn."

"Ó ti kú?"

"Ó ti kú, Mọ́ṣádé."

Ó bo gàrí rẹ̀, ó wọlé. Wọ́n ṣí yàrá Adélékè. Wọ́n fi aṣọ funfun wé ìdérí àpò náà, wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mọ́ṣádé wọ dúdú. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí i tó sunkún.

Sájẹ̀ntì gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ọ̀fọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ó béèrè ẹni tó kú. Wọ́n ní Adélékè ni, sọ́jà Bọ́mà, pé wọ́n rí nǹkan rẹ̀ kan sin. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Harold gbé ẹ̀wù náà padà wá. Ó ní bàbá òun ní ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdérí àpò àtijọ́ wù ú ju tuntun lọ, kí Theophilus dá a padà fún òun.

"Sọ fún un pé a ti sin ín," Theophilus wí.

Harold rẹ́rìn-ín. Àwàdà télọ̀ ló rò pé ó jẹ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jíṣẹ́ fún bàbá rẹ̀.

Theophilus ránṣẹ́ sí Bísí pé kó má dé ojú omi mọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ògiri ni máṣíìnì rẹ̀ máa ń kọjú sí. Ó pè mí kí n wá bá a gbé e. A yí i kọ ẹnu ọ̀nà, kó lè máa rí ẹni tó bá ń bọ̀.