Bọ́tìnnì Tó Kù Sọ́wọ́ Òkú

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn, Ìyá Bọ́tìnnì ni gbogbo wọn ń pe obìnrin kan. Kì í ṣe pé ó ń ránṣọ o. Òun ló ń pinnu ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa rí lójú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì tó bá fún ọ, wàá rí i. Èyí tí kò bá fún ọ, ojú ibẹ̀ á ṣófo bí ẹni pé wọn ò dá a sáyé rí. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń rí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, wọn kì í rí ohun tó wà nínú páálí. Àwọn akọ̀wé ń rí ohun tó wà nínú páálí, wọn kì í rí ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà ń rí gbogbo rẹ̀ pátá, kò sì mọ èyí tó ń tẹ̀ nínú wọn.

Bọ́tìnnì kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. “Tú u sílẹ̀” ni wọ́n kọ sí i. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, oògùn kankan kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní yàrá òtútù nísàlẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ olórí yàrá náà. Nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ fún un, ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń gòkè wá ṣàròyé pé òun ò rí i. Irọ́ ńlá! Ó rí i dáadáa. Nígbà tó fi máa gbà pé òun rí i, wọ́n ti fẹ́ra wọn.

Àìsàn ló mú ọkọ náà lọ, kò sì pẹ́ rárá. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé bí ẹnì kan bá ti lọ, kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dé lórí kọ̀ǹpútà kí àga rẹ̀ tó tutù. Ìyá Bọ́tìnnì ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ló mọ̀. Ó ṣí orúkọ ọkọ rẹ̀, ó wò ó, ó sì tún pa ojú ìwé náà dé. “Mo ti gbọ́, sà,” ló sọ fún ọ̀gá àgbà nígbà tó rán an létí. Kò pa orúkọ náà dé, kò sì lè gbé bọ́tìnnì yẹn fún ẹlòmíràn. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí òun bá gbé e fún ẹlòmíràn ni ọkọ òun máa kú tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí àmì róbótó aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Àmì yẹn kì í yọ àfi bí ẹni tó ni orúkọ bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Orí rẹ̀ wú. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́! Ó ń tú oògùn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bó ṣe máa ń ṣe é gan-an. Obìnrin yìí mọ kọ̀ǹpútà ju ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ, ó mọ̀ pé òkú kì í tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí orí mọ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọkàn ń fẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá di pé òun ló ń kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, tí á jókòó, tí á máa wo ibi tí àmì náà á ti yọ. Bó bá ti yọ, á rọra ní, “Ẹ káàárọ̀, olówó orí mi.” Ẹ̀rù àmì náà ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé ó lè má yọ mọ́ pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Àfi bí ọ̀gá àgbà ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí inú ń bí i.

“Ìyá Bọ́tìnnì, ṣé òkú ló wá ń tú oògùn sílẹ̀ fún wa ni? Ẹnì kan ń fi orúkọ ọkọ yín ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi wá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni yòówù kó jẹ́, ilé ẹ̀ ló ń lọ.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá òtútù. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìgbákejì ọkọ rẹ̀ ló bá níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Súẹ́tà, nítorí pé kì í bọ́ súẹ́tà, oòrùn ìbáà ràn dé góńgó. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, orúkọ ọkọ ló sì wà lókè.

“Ìwọ ni?”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mi ò rí bọ́tìnnì yẹn lórí tèmi, oògùn sì wà nílẹ̀, àwọn aláìsàn ń retí ẹ̀.”

“Kí ló dé tí o ò wá bá mi?”

“Mo wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mà, lẹ́yìn tí mo ti fi orúkọ wọn wọlé. Mo gbọ́ tí ẹ̀ ń kí wọn nínú kọ̀ǹpútà. Mo bá padà.”

Ara Ìyá Bọ́tìnnì tutù ju yàrá náà lọ. “Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ọkọ mi fún ẹ?”

“Àwọn fúnra wọn ni, nígbà tí mo lọ kí wọn lórí ibùsùn. Wọ́n ní, ‘Ìyàwó mi ò ní lè yọ mí kúrò. Máa fi orúkọ mi ṣiṣẹ́ títí ọkàn ẹ̀ á fi gbà á. Má jẹ́ kí oògùn dúró, má sì bá a jà.’”

Ìyá Bọ́tìnnì sunkún níbẹ̀, láàárín àwọn páálí, títí imú rẹ̀ fi pọ́n. Ó dùn ún pé ọkọ òun mọ òun tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọbìnrin náà dìde, wọ́n jọ gòkè. Ó kọ́kọ́ gbé “Tú u sílẹ̀” sórí orúkọ Àǹtí Súẹ́tà. Ó wá ṣí orúkọ ọkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá a lójú.

“Ó dàrìnnàkò,” ló wí, “ó dojú àlá.” Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì aláwọ̀ ewé náà kú.

Ọ̀gá àgbà ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì nígbà tó kanlẹ̀kùn. “Ẹ ti rí ẹni tó ń lo orúkọ òkú?”

“Mo ti rí i, sà,” ni obìnrin náà dáhùn. “Èmi ni.”