Èwo Ló Dáa Jù Nínú Mọ́tò Méjèèjì

Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè mí, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti wa mọ́tò dé ibì kankan. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣíná láràárọ̀ sí mọ́tò asáré àtijọ́ méjì tí ọ̀gá mi kó sí gáréèjì, kí ẹ́ńjìnnì wọn má baà kú.

Pupa wá láti Ítálì. Ó rẹwà, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀. Tí òjò bá ti ṣú, kò ní jí. Aláwọ̀ fàdákà wá láti Jámánì. Kíá ló ń dáhùn, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ le bíi pákó. Àwọn àlejò ọ̀gá máa ń jiyàn lórí wọn títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn. Èwo ló kàn mí? Orúnkún ló ń dà mí láàmú. Méjèèjì ló rẹlẹ̀ bí ẹní. Àtiwọlé ò le, àtijáde ni wàhálà.

Láàárọ̀ àná, mo ṣíná sí pupa tán, n ò lè dìde mọ́. Ọ̀gá tẹ̀pá wá, wọ́n fà mí títí, ó rẹ̀ wọ́n. Ni wọ́n bá yí sí òdìkejì mọ́tò, wọ́n wọlé jókòó tì mí kí wọ́n lè sinmi. Bí àwọn náà ṣe há nìyẹn.

Ìyàwó wọn pè wá láti inú ilé pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dìde nínú wa.

Ọ̀gá wo mọ́tò Jámánì lọ́ọ̀ọ́kán. "Dírẹ́bà, ìyẹn ló dáa jù."

"Kí lẹ rí, ọ̀gá?"

"A ò sí nínú ẹ̀."