Iyọ̀ tí Bàbá àgbà mi ń fi sí ìwàásù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé mi níbí, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abobo, ní Abidjan níbí, tí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́!

Ẹ mọ̀ pé Bàbá àgbà mi fi ayé sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí wa, tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tí ẹ ń sọ "yako, yako" fún wa, ẹ ṣeun o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé wọ́n gbó, wọ́n tọ́, pé ká máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó bá gbó kì í dunni ni? Ó dùn mí wọra!

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wọ́n, ọmọ Èjìgbò ni wọ́n. Láti ọ̀dọ́ ni wọ́n ti wá sí Abidjan, wọ́n sì ru àpò kòkó ní Port títí ẹ̀yìn wọn fi kọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ṣọ́ọ̀ṣì wa fi wọ́n ṣe ògbufọ̀. Àfi bíi pé ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe láyé.

Pásítọ̀ wa, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ará ìlú Man. Kò jù mí lọ, ẹgbẹ́ mi ni. Yorùbá kan ṣoṣo tó mọ̀ ni "ẹ káàárọ̀", bẹ́ẹ̀ ló sì ń kí wa tọ̀sán-tòru! Faransé ló fi ń wàásù. Àwọn àgbàlagbà tó wá láti Nàìjíríà àti Benin, tí wọn ò gbọ́ Faransé, máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá àgbà á dúró ti Pásítọ̀, wọ́n á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Faransé ńkọ́? Tó bá ti kan Bàbá àgbà, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀.

Èmi kì í sí níbẹ̀ rárá. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rín àwọn àgbà yẹn ni mo máa ń gbọ́ láti ibi tí mo wà, màá sì máa sọ nínú ara mi pé Pásítọ̀ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ o!

Nígbà tí Bàbá àgbà wá lọ, Ìyá àgbà ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyá àgbà tó jẹ́ pé àwọn ló ń lé gbogbo wa jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi! Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ta ni yóò túmọ̀ fún àwọn? Wọ́n ní Faransé wa yẹn, àwọn ò gbọ́ ọ, àwọn ò sì ní lọ jókòó bí ère láàárín èèyàn.

Ẹ wá wò ó o. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé, ara wọn yá. Wọ́n á gbé ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí wọn lọ sọ́jà, wọ́n á máa kí àwọn oníbàárà ní èdè Dyula, "i ni sogoma", wọ́n á máa bá wọn ná ọjà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á jókòó sí àgbàlá, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó ti mọ́, wọ́n á tún un ṣà! Oúnjẹ kì í wù wọ́n lọ́jọ́ náà. Tí a bá bá wọn sọ̀rọ̀, "hẹn" ni èsì wọn.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣé ẹ̀yin náà ò rí i rí, kí bàbá lọ, kí màmá má pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé e? Mo ti pàdánù ẹnì kan. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹnì kejì.

Ni mo bá lọ bá Pásítọ̀, mo ní èmi ni màá máa túmọ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́? Irun ni mò ń dì ní Abobo Gare! Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ẹnu tí mo fi ń pa àwọn oníbàárà mi lẹ́rìn-ín látàárọ̀ dalẹ́, kò yẹ kí ìwàásù ṣòro fún un. Tí ògbufọ̀ bá ti wà, Ìyá àgbà á padà wá. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Mo sáré wá sọ fún wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ Àdùkẹ́?"

Wọ́n padà sórí ẹ̀wà wọn. Wọ́n ní tí mo bá ṣe é tán, kí n wá ròyìn fún àwọn.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Míkírò ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí òógùn. Ìdúpẹ́ ni Pásítọ̀ ń wàásù lé lórí. Ohun tó bá sọ gẹ́lẹ́ ni mò ń sọ, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa! Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bàbá kan ti sùn lọ fọnfọn. Ìyá Kétu, màmá kan tó ti Benin wá, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, ń yán débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀nà ọ̀fun wọn!

Bí a ṣe parí, Ìyá Kétu fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe Pásítọ̀? Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?"

Mo ní ara ẹ̀ yá, mo ní kí ni wọ́n rí?

Wọ́n ní àwọn ti ń retí ògbufọ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, ògbufọ̀ dé tán, ìwàásù ò wá dùn mọ́! Wọ́n ní Pásítọ̀ ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó bàjẹ́ ní bodè Ghana mọ́. Ewúrẹ́ Èjìgbò tó wọ ààfin lọ ńkọ́? Ṣé ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ ni?

Mo lanu sílẹ̀. "Pásítọ̀ wo? Pásítọ̀ tó jẹ́ ará Man? Èjìgbò wo ló mọ̀?"

Inú bí Ìyá Kétu. "Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Pásítọ̀ yẹn mọ Èjìgbò ju ìwọ tí o ń pe ara ẹ lọ́mọ ibẹ̀ lọ!"

Háà! Ó wá yé mi. Bàbá àgbà! Gbogbo ìtàn yẹn, àwọn ló ń kó o sí Pásítọ̀ lẹ́nu! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, èmi gan-an ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

Mo lọ bá Pásítọ̀, mo sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rín lòun náà bú sí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀! Ó ní lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ikú lòun ń sọ, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lòun bá bi Bàbá àgbà pé kí ni wọ́n sọ fún wọn. Bàbá àgbà dá a lóhùn pé kí Pásítọ̀ ṣáà máa gbé ẹran wá, àwọn ni àwọn mọ bí iyọ̀ tí àwọn èèyàn àwọn ń jẹ ṣe tó. Láti ọjọ́ náà, tí Bàbá àgbà bá ti gba ọ̀rọ̀, Pásítọ̀ á gbé omi ẹ̀, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìsinmi yẹn ń ṣe òun láǹfààní púpọ̀.

Mo délé, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún Ìyá àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín lọ́jọ́ Ìsinmi! Wọ́n wá bi mí pé èmi ńkọ́, ìtàn wo ni mo sọ fún wọn? Mo ní mi ò sọ ìtàn kankan, ohun tí Pásítọ̀ sọ ni mo sọ. Wọ́n pòṣé. "O wá gbé ọbẹ̀ àtẹ́ síwájú àgbà, o ń retí kí wọ́n lá a?"

Ó dáa náà. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, sùúrù ni Pásítọ̀ ń wàásù lé lórí. Mo ti múra. Bí mo ṣe gba ọ̀rọ̀, mo wúkọ́ bíi Bàbá àgbà, mo ki ohùn mi mọ́lẹ̀ bíi tiwọn, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewúrẹ́ Èjìgbò tí wọ́n ń sọ fún wa nílé láti kékeré.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ba ìtàn yẹn jẹ́! Mo sọ ìparí kí n tó sọ ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní iyán ni ewúrẹ́ jẹ láàfin. Ìyá Kétu kígbe láti orí ìjókòó wọn pé irọ́ ni, fìlà olóyè ló jẹ! Bàbá tó sùn lọ́jọ́sí náà jí láti tún un ṣe fún mi. Mo dúró síbẹ̀, míkírò lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi dáadáa pé ohùn Bàbá àgbà ti lọ, pé mi ò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ìjọ.

Gbogbo wọn ń sọ "pẹ̀lẹ́, yako". Pásítọ̀ gbé omi ẹ̀ fún mi. Ó bi mí lábẹ́lẹ̀ bóyá ká fi í sílẹ̀. Mo ní rárá.

Mo nu ojú mi. Mo ní ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ewúrẹ́, irun ni mo mọ̀. Mo wá sọ fún wọn nípa ìyàwó kan tó wá dirun lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ó ní kí n yára. Mo ní irun yìí ò lè tán báyìí, ó ní kí n ṣáà yára! Ọkọ pè é, ìyá ọkọ pè é, ló bá fò dìde lórí àga mi, irun ẹ̀gbẹ́ kan ti dì, ẹ̀gbẹ́ kejì rí bí igbó Banco! Mo ní nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó yẹn, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n rí yà. Mo ní ohun tí Pásítọ̀ ń bá yín sọ nìyẹn o, ẹni tó bá ń bá Ọlọ́run kánjú, ìdajì ìbùkún ló máa gbé lọ sílé!

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dàrú! Ìyá Kétu ń lu itan wọn, wọ́n ń sọ pé "Pásítọ̀ ti dé, ara ẹ̀ ti yá!" Mo gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Ìyá àgbà mi ni, pẹ̀lú gèlè wọn lórí. Ìgbà wo ni wọ́n dé? Mi ò mọ̀. Wọ́n rọra wọlé, wọ́n jókòó ti Ìyá Kétu.

Nígbà tí a ń padà sílé, inú mi ń dùn, mò ń ṣe fọ́ńté. A dé ibi tí a ti fẹ́ wọ ọkọ̀ gbaka, ọmọ ọkọ̀ kan ń ti èèyàn wọlé, ó sì ti Ìyá àgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyá àgbà yíjú sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé bá a wí. Faransé geere! Wọ́n bi í bóyá bó ṣe ń ti ìyá tó bí ìyá ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọkọ̀ ń tọrọ àforíjì, ó wá àga tó dáa jù fún wọn.

Mo dúró bí òpó. Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ gbọ́ Faransé ni?"

"Kí ló máa ṣe mí tí mi ò ní gbọ́ ọ? Ọdún mélòó ni mo ti ń tajà nílùú yìí?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ta ni yóò túmọ̀ fún yín!"

Wọ́n wá ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbọ́ Pásítọ̀ àti ọkọ àwọn, gbogbo ohun tí ọkọ àwọn ń fi kún un, àwọn mọ̀ ọ́n. "Tí mo bá jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo gbọ́ Faransé, ṣé á tún máa wo ojú mi tó bá ń sọ ọ́? Ọkọ mi ni mo ń lọ gbọ́, kì í ṣe Pásítọ̀."

Omi fẹ́ bọ́ lójú mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n wá ṣe lónìí?

"Mo wá gbọ́ tìẹ," ni wọ́n sọ. "Kò burú. Ṣùgbọ́n o sáré sọ ọ́, ìwọ tí o ń wàásù sùúrù!"

Láti ìgbà náà, wọn ò tíì pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á ti lọ aṣọ, wọ́n á máa bi mí pé irun ta ni màá fi wàásù lọ́la. Nígbà míì, wọ́n á rántí ọkọ wọn, ojú wọn á pọ́n. A ó jókòó tì wọ́n, a ó sọ̀rọ̀ Bàbá àgbà títí oúnjẹ á fi délẹ̀, wọ́n á sì jẹun.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Nígbà ìsìnkú, gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀ ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń hù, kì í hù sórí ìyá ẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti di ẹni yín tó lọ. Ẹ gbé iṣẹ́ wọn, kí ẹ fi ẹnu tiyín ṣe é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹni yín tó lọ ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó ti di iṣẹ́ yín báyìí? Ṣé ẹ kọ́kọ́ bà á jẹ́ bíi tèmi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí a jọ rẹ́rìn-ín, kí a jọ sunkún díẹ̀. Tí Yorùbá bá nira fún yín láti kọ, ẹ fi Faransé kọ ọ́, ẹ má mikàn. Mo ti sọ fún Ìyá àgbà pé màá kà á sí wọn létí. Wọ́n ní ti Faransé yẹn, àwọn ò gbọ́ ọ o, àfi kí n túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn.